Ẹja Tí Ó Fẹ́ Rí Òkun

Bí a bá dárúkọ ilẹ̀ Páṣíà létí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa, inú Bíbélì ni ọkàn wa máa ń sáré lọ. A ó rántí Kírúsì ọba tí ó dá àwọn Júù sílẹ̀ kúrò ní ìgbèkùn. A ó rántí Ẹ́sítérì ayaba. A ó rántí òfin àwọn ará Mídíà àti Páṣíà tí ẹnikẹ́ni kò lè yí padà. Lẹ́yìn èyí, ìmọ̀ wa parí. Èmi náà kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ títí di ọjọ́ tí mo ra ìwé kékeré kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ń ta ìwé àlòkù ní Ìbàdàn. Ìwé náà kò nípọn rárá. Àwòrán ẹja dúdú kan ni ó wà ní iwájú rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ti túmọ̀ rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n èdè Páṣíà ni a fi kọ ọ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ní ilẹ̀ tí gbogbo ayé ń pè ní Ìráàn lónìí. Owó tí mo san lé e lórí kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Síbẹ̀, ìwé náà kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ kan tí n kò rí kọ́ ní gbogbo ọdún tí mo lò ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Kí ó sì tó kọ́ mi, ó kọ́kọ́ dójú tì mí.

Ẹja Kékeré Dúdú ni orúkọ ìwé náà. Samad Behrangi ni ó kọ ọ́, ọdún 1968 ni ó sì jáde. Ní òru tí ó gùn jù lọ nínú ọdún, ní àkókò òtútù, ìyá àgbà ẹja kan kó àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ jọ, tí iye wọn jẹ́ 12,000, ó sì ń pa ìtàn fún wọn. Ìtàn náà dá lórí ẹja kékeré dúdú kan tí ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ nínú odò tóóró kan. Lójoojúmọ́, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọn a wẹ̀ lọ, wọn a wẹ̀ bọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ náà sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ mọ ibi tí odò náà parí sí. Ìyá rẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Nígbà tí ó rí i pé ọmọ náà kò ṣeré, ó bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ ẹ́. Àwọn aládùúgbò gbọ́, wọ́n bínú, wọ́n sì halẹ̀ mọ́ ọn pé àwọn yóò pa á. Ṣùgbọ́n ó jáde lọ. Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Ẹja yìí kò fẹ́ kí a fi òun pa òwe náà.

Ní ọ̀nà, ó bá àwọn ọmọ àkèré pàdé, tí wọ́n gbà pé kòtò omi tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ni gbogbo ayé. Ó bá akàn pàdé, tí ó fẹ́ fi ẹ̀tàn pa á jẹ. Ó bá alángbá ọlọ́gbọ́n kan pàdé, tí ó fún un ní ọ̀bẹ kékeré kan pé yóò wúlò fún un. Níkẹyìn ó dé òkun, ayọ̀ rẹ̀ sì kún. Ibẹ̀ ni ẹyẹ apẹja kan ti gbé e mì. Nínú ikùn ẹyẹ náà, ó bá ẹja tíńtín kan tí ń sunkún tí ó sì ń ké pe ìyá rẹ̀. Ẹja dúdú bẹ̀rẹ̀ sí yí kiri nínú ikùn ẹyẹ náà, títí ẹyẹ náà fi la ẹnu, tí ẹja tíńtín sì fò jáde bọ́ sínú omi. Lẹ́yìn náà ni ó fa ọ̀bẹ yọ. Ẹyẹ náà jìjàkadì, ó já lulẹ̀ sínú omi, ó sì kú. Ẹja tíńtín dúró, ó ń retí. Títí di òní, bí ìyá àgbà ti wí, a kò gbúròó ẹja kékeré dúdú mọ́. Nígbà tí ìtàn parí, ẹja 11,999 lọ sùn. Ọ̀kan ṣoṣo, ẹja pupa kékeré kan, ni kò lè sùn. Òkun ni ó ń rò títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ìtàn náà wọ̀ mí lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pinnu láti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní èdè Yorùbá. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ti ń parí lọ, mo ní kí wọ́n pa ìwé dé. Mo ké “Ààlọ́ o!” bí ìyá àgbà mi ti máa ń ṣe, wọ́n sì dáhùn tayọ̀tayọ̀. Gbogbo kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹyẹ apẹja gbé ẹja dúdú mì, ojú mi ṣe kòńgẹ́ ojú ọmọbìnrin kan tí ó jókòó ní ìlà iwájú. Ìyá ọmọ náà ti kú ní sáà ẹ̀kọ́ tí ó ṣáájú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì rẹ̀ mú, ó ń retí ohun tí n ó sọ. Àyà mi já. Mo bi ara mi léèrè pé, báwo ni n ó ti ṣe sọ fún ọmọ yìí pé a kò gbúròó ẹja náà mọ́? Ni mo bá yí ìparí ìtàn padà. Mo ní ẹja dúdú jáde láìfarapa, ó mú ẹja tíńtín lọ́wọ́, àwọn méjèèjì padà sílé, wọ́n sì bá ìyá wọn lẹ́nu ọ̀nà, tí ó ti se oúnjẹ sílẹ̀ dè wọ́n. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Èmi náà yin ara mi pé mo ṣe bí àgbà.

Ní ọjọ́ Ajé, mo rán ọmọbìnrin náà pé kí ó bá mi kó ìwé iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí yàrá àwọn olùkọ́. Orí tábìlì mi níbẹ̀ ni ìwé ẹja náà wà. Nígbà tí mo dé, mo bá a ní ìdúró, ó ṣí ìwé náà sí ojú ewé tí ó kẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì rọra sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bóyá ìwé náà ni kò yé mi. N kò rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹja náà padà sílé.”

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tèmi kò tilẹ̀ lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Mo ní kí ó padà sí kíláàsì, pé a ó jọ sọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí n ó sọ. Èyí ni ó mú mi bẹ̀rẹ̀ sí wádìí. Ta ni ọkùnrin yìí tí ó kọ irú ìparí bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé? Irú ilẹ̀ wo ni ó ti jáde wá, àwọn wo ni ó sì ṣáájú rẹ̀? Ohun tí mo rí nínú ìwádìí náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí.

Ilẹ̀ Páṣíà kì í ṣe ibi tí ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ti tó nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn tí Ferdowsi ti fi ewì kọ ìtàn àwọn ọba àti àwọn akọni ilẹ̀ náà sínú ìwé ńlá tí a ń pè ní Shahnameh. Ní ọdún 1258 ni Sadi, ará ìlú Shiraz, kọ Golestan, ìwé ìtàn àti ọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ìwé Sadi yìí wà lára ohun tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ ìwé kíkà. Ìwé tí ó níyì ni, ṣùgbọ́n a kò dìídì kọ ọ́ fún ọmọdé. Ọmọ tí a gbé irú rẹ̀ lé lọ́wọ́ dà bí ọmọ tí a wọ agbádá bàbá rẹ̀ fún: aṣọ náà dára, ṣùgbọ́n kò lè fi sáré, kò lè fi ṣeré, bí kò bá sì ṣọ́ra, yóò gbé e ṣubú. Títí ọ̀rúndún ogún fi wọlé, ìwé tí a rán ní ìwọ̀n ọmọdé kò pọ̀ ní ilẹ̀ náà. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ mú abẹ́rẹ́ àti òwú kì í ṣe ọlọ́lá. Olùkọ́ ni wọ́n, àwọn tí ń rí ojú ọmọ lójoojúmọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn ni Jabbar Asgarzadeh, tí a bí ní ìlú Yerevan. Ní ọdún 1924, ó dá ilé-ìwé jẹ́léósinmi sílẹ̀ ní Tabriz, ìlú ńlá kan ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn Ìráàn, ó sì pè é ní Ọgbà Àwọn Ọmọdé. Láti ara iṣẹ́ yìí ni ó ti mú orúkọ tí gbogbo ènìyàn wá fi mọ̀ ọ́n, èyí ni Baghcheban, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ olùtọ́jú ọgbà. Nígbà tí ó kó àwọn ọmọ jọ tán, ó wá ohun tí yóò fi kọ́ wọn tí yóò sì dùn mọ́ wọn, kò rí. Kò jókòó kí ó máa ráhùn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ orin, àlọ́ àpamọ̀ àti eré fún wọn. Láàrin àwọn ọmọ tí a mú wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ni àwọn adití wà. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìgbà náà, adití kò ṣeé kọ́ níwèé. Baghcheban ronú títí ó fi rí ọ̀nà tí a lè gbà fi ìka ọwọ́ ṣe àmì fún ìró ọ̀rọ̀, ó sì kọ́ wọn títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n kọ tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n kà. Lẹ́yìn náà, ó dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún àwọn adití ní Tehran, olú-ìlú Ìráàn. Orúkọ ń ro ọmọ lóòótọ́: ológbà ni ó jẹ́ títí ó fi kú ní ọdún 1966.

Ẹnìkejì ni Fazlollah Mohtadi, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Sobhi. Nígbà tí ilé iṣẹ́ rédíò bẹ̀rẹ̀ ní Tehran ní ọdún 1940, òun ni ó ń pa ìtàn fún àwọn ọmọdé lórí rẹ̀. Ẹ̀yin mọ̀ pé àwọn bàbá wa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé a máa sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kì í gbọ́ èsì ẹni. Sobhi wá ọ̀nà tí asọ̀rọ̀mágbèsì fi gba èsì. Ó bẹ àwọn tí ń gbọ́ ọ pé kí wọ́n kọ ìtàn tí àwọn ìyá àgbà wọn ń pa nílé ránṣẹ́ sí òun. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí dé láti ìlú àti abúlé. Ó fi ìtàn wé ìtàn, ó tò wọ́n, ó sì tẹ̀ wọ́n sínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn tí ì bá bá àwọn arúgbó wọ ilẹ̀ lọ ṣe wà láàyè.

Ìtàn ẹnìkẹta ni ó jọ mí lójú jù. A bí Mehdi Azar Yazdi ní ọdún 1922 ní abúlé kan lẹ́bàá ìlú Yazd, láàrin aṣálẹ̀. Tálákà ni àwọn òbí rẹ̀. Kò lọ sí ilé-ìwé rí. Ilé ni ó ti kọ́ ìwé kíkà. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí òun mọ ohun tí a ń pè ní ìlara ni ìgbà tí òun rí ìwé lọ́wọ́ ọmọ ẹbí kan, tí òun kò sì ní irú rẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ oko, ó ṣe lébìrà lọ́dọ̀ àwọn bíríkìlà, ó sì ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń hun ìbọ̀sẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ níbi ìbọ̀sẹ̀ ni ó wá ṣí ilé ìtàwé, tí ó sì ní kí ó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹja bọ́ sínú omi! Lẹ́yìn náà, ó lọ sí Tehran, ó ń ṣiṣẹ́ láàrin àwọn tí ń tẹ ìwé àti àwọn tí ń tà á. Nígbà tí ó ń ka Kalila àti Demna, ìwé ìtàn ẹranko àtijọ́, ó rí i pé ìtàn inú rẹ̀ dùn ṣùgbọ́n èdè rẹ̀ le bí ekùrọ́. Ó pinnu láti pa ekùrọ́ náà fún àwọn ọmọdé. Ní ọdún 1957 ni apá kìíní ìwé rẹ̀ jáde, tí ó pè ní Ìtàn Rere fún Àwọn Ọmọ Rere. Ó kọ ọ́ títí ó fi di apá mẹ́jọ, ìran dé ìran àwọn ọmọ Ìráàn ni ó sì kà á. Kò gbéyàwó títí ó fi kú ní ọdún 2009. Ọjọ́ ikú rẹ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ ní ilẹ̀ náà fún ìrántí ìwé ọmọdé lọ́dọọdún. Ẹ ronú sí i: ọmọ tí kò ní ìwé ni ó wá di ẹni tí ń fún gbogbo ọmọ ní ìwé.

Iṣẹ́ tí ènìyàn kan ń dá ṣe kì í pẹ́ dé òpin. Nígbà tí ọwọ́ bá pọ̀ ni ó ń tọ́. Obìnrin kan tí ó mọ èyí dáadáa ni Touran Mirhadi, tí a bí ní ọdún 1927. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Farhad, kú ní kékeré. Mirhadi kò fi ìbànújẹ́ náà jókòó sílé. Ní ọdún 1955, ó dá ilé-ìwé jẹ́léósinmi sílẹ̀ ní Tehran, ó sì fi orúkọ àbúrò rẹ̀ sọ ọ́. Ní ọdún 1962, òun àti àwọn olùkọ́ àti òǹkọ̀wé mìíràn dá Ìgbìmọ̀ Ìwé Ọmọdé sílẹ̀. Wọ́n ń ka gbogbo ìwé tí ó bá jáde fún ọmọdé, wọ́n sì ń sọ èyí tí ó dára fún àwọn òbí. Ẹgbẹ́ náà ni ó tún bẹ̀rẹ̀ ìwé ìmọ̀ ńlá kan fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́, tí Mirhadi fi ọ̀pọ̀ ọdún ọjọ́ ogbó rẹ̀ ṣe. Ó kú ní ọdún 2016.

Ní ọdún 1965 ni a dá àjọ mìíràn sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kanoon, láti máa tọ́jú ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ó kọ́ ilé ìkàwé fún wọn káàkiri, ó ń tẹ ìwé jáde, ó sì ń ṣe fíìmù. Àwọn ayàwòrán tí ó dára jù lọ ní ilẹ̀ náà ni ó pè láti yàwòrán sínú ìwé ọmọdé, nítorí ó gbà pé ohun tí kò yẹ ní fífi han àgbà kò yẹ ní fífi han ọmọdé. Kanoon yìí ni ó tẹ Ẹja Kékeré Dúdú. Farshid Mesghali ni ó ya àwòrán inú rẹ̀. Ní ọdún 1969, àwòrán náà gba ẹ̀bùn ní Bologna ní ilẹ̀ Ítálì àti ní Bratislava. Ní ọdún 1974, a fún ayàwòrán náà ní ẹ̀bùn Hans Christian Andersen, èyí tí ó ga jù lọ fún iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àgbáyé.

Nísinsìnyí, mo padà sọ́dọ̀ ẹni tí mo ń wá. A bí Samad Behrangi ní Tabriz ní ọdún 1939, sínú ìdílé tálákà. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, nígbà tí ó sì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, wọ́n rán an lọ sí abúlé láti máa kọ́ àwọn ọmọ. Ọdún mọ́kànlá ni ó fi ṣe iṣẹ́ náà, láti abúlé dé abúlé, nínú yìnyín àti ẹrẹ̀. Èdè Azeri, tí ó bá èdè àwọn ará Tọ́kì tan, ni àwọn ọmọ náà ń sọ nílé. Èdè Páṣíà ni wọ́n ń bá pàdé nínú ìwé. Ẹ̀yin tí a ti bu owó ìtanràn lé rí nítorí pé ẹ sọ Yorùbá nínú ọgbà ilé-ìwé yóò mọ irú ìnira tí mo ń wí. Behrangi kọ ìwé kan ní ọdún 1965 láti bá àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ wí. Ó ní ọ̀nà ẹ̀kọ́ tí wọ́n lọ yá láti Amẹ́ríkà kò bá ìgbésí ayé ọmọ abúlé Ìráàn mu rárá. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí í ṣe olùkọ́, Behrouz Dehghani, kó ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn ará Azerbaijan jọ. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìtàn tirẹ̀. Nínú ọ̀kan, ọmọ tálákà méjì gbin kóró èso kan sínú ọgbà olówó. Nínú òmíràn, ọmọ kékeré kan tí ó bá bàbá rẹ̀ wá iṣẹ́ wá sí Tehran ń wo ràkúnmí ìṣeré nínú ilé ìtajà, títí wọ́n fi rà á fún ọmọ ẹlòmíràn lójú rẹ̀.

Èrò ọkùnrin yìí ni pé ìwé ọmọdé gbọ́dọ̀ dà bí afárá: kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú àlá dídùn ìgbà èwe, kí ẹsẹ̀ kejì wà nínú ayé líle tí àwọn àgbà ń gbé. Bí a bá gé afárá náà dá sí àárín nítorí àánú, inú odò ni ọmọ yóò ṣubú sí nígbà tí ó bá fẹ́ kọjá. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yìí, mo pa ìwé dé. Èmi ni mo gé afárá.

Ní ọdún 1968, ní ọdún kan náà tí Ẹja Kékeré Dúdú jáde, Behrangi kú sínú odò Aras ní ààlà ilẹ̀ Ìráàn. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Àwọn kan ní àwọn ọlọ́pàá inú ìjọba ni ó pa á. Àwọn mìíràn ní kò mọ odò wẹ̀ ni. Ohun tí ó dájú ni pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ka ìtàn ẹja náà bí àròyé sí ọba tí ń jẹ nígbà náà, Mohammad Reza Pahlavi, tí àwọn ará ìlú lé kúrò lórí ìtẹ́ ní ọdún 1979. Àwọn kan tilẹ̀ ń bá Behrangi wí pé ó di ẹrù àgbà lé ọmọdé lórí. Ọ̀rọ̀ wọn ní láárí, nítorí ìwé ọmọdé kì í ṣe pátákó tí a fi ń kéde. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kíláàsì mi kò mọ ọba Páṣíà kankan lẹ́yìn Kírúsì. Ẹja ni wọ́n rí, ẹja náà sì tó wọn.

Nígbà tí ọba náà lọ, tí ìjọba mìíràn dé, iṣẹ́ náà kò dúró. Kanoon wà síbẹ̀. Ní ọdún 1987, Abbas Kiarostami ṣe fíìmù kan níbẹ̀ nípa ọmọ ilé-ìwé kan tí ó ṣèèṣì mú ìwé iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sílé, tí ó sì ń sáré láti abúlé dé abúlé kí olùkọ́ má baà jẹ ọ̀rẹ́ náà níyà. Òǹkọ̀wé tí ó gbajúmọ̀ jù ní àkókò yìí ni Houshang Moradi Kermani, tí a bí ní abúlé Sirch ní ọdún 1944. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọwọ́, àwọn òbí àgbà rẹ̀ ni ó tọ́ ọ. Láti ọdún 1974, ó ń kọ ìtàn fún rédíò nípa Majid, ọmọ òrukàn kan tí ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀. Ìyà ń jẹ Majid, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni ẹni tí ń ka ìtàn rẹ̀ ń rín. Ó tún kọ ìwé kan nípa àmù. Àmù omi kan ṣoṣo tí ó wà ní ilé-ìwé abúlé kan ní aṣálẹ̀ sán, omi ń jò, ọ̀rọ̀ náà sì di ti gbogbo abúlé. Àwọn kan ń jà, àwọn kan ń ṣe àwáwí, àwọn kan ń dáwó. Kò sí ọba nínú rẹ̀, kò sí iwin, kò sí ìṣúra. Òǹgbẹ àwọn ọmọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá ti mu omi nínú àmù ilé-ìwé rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Bí mo ti ń ka ìtàn àwọn ènìyàn wọ̀nyí, mo rí i pé ohun kan ni ó so wọ́n pọ̀. Kò sí ẹni tí ó fojú ìdajì ènìyàn wo ọmọdé nínú wọn. Baghcheban kò gbà pé adití kò lè kàwé. Azar Yazdi kò gbà pé ìwé àwọn baba ńlá kọjá ọmọ tálákà. Behrangi kò gbà pé ọmọdé kò lè gbọ́ òtítọ́. Ìyá àgbà mi náà kò sì gbà bẹ́ẹ̀, nítorí nínú àlọ́ tí ó ń pa fún wa, ẹni tí ó kú a máa kú, ìjàpá tí ó jalè a sì máa jẹyà. Èmi tí mo kọ́wèé ni mo wá ń bẹ̀rù.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó tẹ̀lé e, mo mú ìwé náà wọ kíláàsì kìíní, mo sì sọ fún àwọn ọmọ náà pé ìparí tí mo sọ fún wọn kì í ṣe òtítọ́, pé èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ń wo ara wọn lójú, nítorí ẹ̀bẹ̀ kì í sábà ti ọ̀dọ̀ olùkọ́ wá. Mo wá sọ ìparí náà bí ó ti rí: ẹyẹ náà já sínú omi, ẹja tíńtín ń retí, ẹja dúdú kò sì jáde. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọmọbìnrin ìlà iwájú tó na ọwọ́ sókè. Ó dìde, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹja tí ń ké pe ìyá rẹ̀ yẹn, òun yè.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òun yè. Ó jókòó. Èmi ti ka ìwé náà ní ìgbà mẹ́rin, n kò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn tí ó kọ ìwé fún ọmọ Ìráàn kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun ńlá. Ẹnìkan wo ọmọ tí ó jókòó níwájú rẹ̀, ó rí i pé ọmọ náà kò ní ìwé, ó sì mú kálámù. Àlọ́ wà lẹ́nu ìyá àgbà yín tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀. Ẹ lọ bá a lálẹ́ òní, kí ẹ mú ìwé àti kálámù dání, kí ẹ sì kọ ọ́ bí ó bá ti sọ ọ́. Bí ẹ bá dé ibi tí ó korò, ẹ má ṣe yí i padà.